Àbẹ̀kẹ́, Àwo Rẹ Ti Dé

Ejìnrìn,
Ọjọ́ Àìkú, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àwo rẹ ti dé o! Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni àbúrò ọkọ rẹ gbé e wá. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ó gbé e lé itan bí ọmọ tuntun láti Ìkòròdú títí tó fi sọ̀ níwájú ilé wa, ó ní o ti kìlọ̀ fún òun pé kò gbọdọ̀ tẹ̀. Kò tẹ̀. Irin dídán ni látòkè délẹ̀, pẹpẹ mẹ́rin lórí ọ̀pá kan, kòtò mẹ́rin lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ àgbàlá pé lé e lórí. Ọ̀kan ní fìtílà ni, èkejì ní ohun tí wọ́n fi ń kó ẹyin ni. Màmá ò bá wọn jiyàn rárá. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò, wọ́n fi èékánná kàn án kó-kó-kó, wọ́n ní, "Ìkòkò tó máa gbà á dà?" Kí n tó dáhùn, wọ́n ti lọ gbé ìkòkò mọ́ínmọ́ín jáde. Ó wọ inú rẹ̀ wẹ́kú. O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi. Bí o ṣe rántí mi, Ọlọ́run á máa rántí rẹ.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé láti ọjọ́ tí o pè mí láti ilé oúnjẹ kan ní East Ham ni ọkàn mi ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí? O ò kí mi, o ò bèèrè Màmá, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ ni, "Àjíkẹ́, mo ti rí èkuru Mísìs!" Oúnjẹ sì kún ẹnu rẹ. Mo kúkú mọ ohun tí ò ń wí lẹ́sẹ̀ kan náà. Mo rí Mísìs, olùkọ́ wa nílé-ìwé, níwájú mi pẹ̀lú sárì aláwọ̀ ọsàn rẹ̀ àti ìwé físíìsì tí wọ́n fi rọ́bà dè. Ìgbà yẹn ni ìjọba ń kó àwọn olùkọ́ láti Íńdíà wá sí ilé-ìwé girama wa, tí wọ́n ń rán wọn lọ sí ìlú tí iná kò tíì dé. Ṣé o rántí abọ́ onídèérí rẹ̀? Ṣé o rántí ọjọ́ tó pín ọ̀kan sí méjì fún èmi àti ìwọ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, tí o sì bi í léèrè pé, "Mísìs, ata rẹ̀ ńkọ́?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. Ó ní ìdlì ló ń jẹ́, ìrẹsì àti irú ẹ̀wà kan ni wọ́n fi ṣe é, pé wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ lálẹ́ ni, òru ni yóò sì fi wú fúnra rẹ̀. A kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní kíláàsì. Bí a bá sọ, yóò ha kù fún wa mọ́?

Wàyí o, ìtàn tèmi. Nígbà tí o ní jéró ni wọ́n fi ṣe èyí tí o jẹ ní ilé oúnjẹ yẹn, pé kì í ṣe ìrẹsì, ara mi dìde. O mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà Màmá kò jẹ́ kí wọ́n jẹ ìrẹsì funfun àti ẹ̀bà bó ṣe wù wọ́n mọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ̀ wọ́n wò ti fi ìyẹn kọ́ ẹnu wọn, kò sì sí ohun tó ń bà wọ́n nínú jẹ́ tó ẹ̀bà òṣùwọ̀n kékeré. Mo ní bóyá èyí á jẹ́ ìyàtọ̀ sí i. Mi ò sọ pé oògùn ni o. Oúnjẹ ni, ó sì ṣara lóore ju ìrẹsì tí wọ́n ti ha èèpo rẹ̀ tán lọ, ìyẹn náà tó.

Ní Ejìnrìn níbí, bí o bá ń wá ẹja, kí o ṣá na ọwọ́. Ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà, edé, gbogbo rẹ̀ ló ń bọ̀ láti inú ọ̀sà wá bá ọ nílé. Ṣùgbọ́n jéró? Mo rìn dé Àgbọwá, n kò rí i. Ìkòròdú ni mo lọ, ní Sábó, lọ́dọ̀ àwọn Hausa tó ń ta ọkà. Málàmù kan bu jéró hàn mí lójú àpò: hóró kékeré, eléérú, tó ń dán díẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní, "Màmá, fúrá lẹ fẹ́ ṣe ni àbí kúnú?" Mo ní rárá, oúnjẹ àwọn ará Íńdíà ni. Ó wò mí títí. Ó ní, "Íńdíà kẹ̀? Sokoto ni jéró tèmi ti wá." Mo ra kóńgò méjì. Gbogbo ọ̀nà tí mo fi ń bọ̀ wálé ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ń yí lọ́kàn mi. N óò padà sí i.

Iṣẹ́ inú jéró pọ̀ ju ti ìrẹsì lọ, kí n má purọ́ fún ọ. A fẹ́ ẹ, a ṣa òkúta rẹ̀, a wọ́n omi sí i lára, a gún un nínú odó kí èèpo rẹ̀ lè ṣí, a tún fẹ́ ẹ. Mo wọn ife mẹ́ta jéró sí ife kan ẹ̀wà bíbó, mo rẹ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti àárọ̀. Mo ru ú lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi mí sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ògì, pé bí ó bá gbé mi sórí ti ata pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ mi bàjẹ́. Ó ní ògì wo ló ní ẹ̀wà nínú? Àlàyé yẹn gba àkókò.

Ti àkọ́kọ́ kò dára. Mo dà á sínú àwo rẹ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e kaná, nígbà tí mo sì ṣí i, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó le, ó ki bí ẹ̀kọ tó ti sùn ọjọ́ mẹ́ta. Mo jókòó tì í. Omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn hàn. Màmá gé e díẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní, "Ta ló pò ó?" Mo ní wọn kì í pò ó, òru ló ń wú u. Wọ́n ní, "Ẹ̀wà tiwọn ni òru ń wú. Ẹ̀wà tìrẹ ńkọ́? Ìgbà wo lo ti rí èkuru tí a kò pò?"

Àbẹ̀kẹ́, òótọ́ pátápátá ni wọ́n sọ, mo sì wádìí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ̀wà tí àwọn ará Íńdíà fi ń ṣe é, ẹ̀wà kékeré oníèèpo dúdú tí inú rẹ̀ funfun ni. Bí a bá rẹ ẹ́ tí a lọ̀ ọ́, ó ń yọ̀ bí ilá. Yíyọ̀ yẹn ló ń di afẹ́fẹ́ mú. Àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tí ojú kò rí, irú àwọn tó ń mú ògì wa kan, ni wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀ lóru, wọ́n á máa tú afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ náà kò sì ní rí ibi sá lọ, gbogbo rẹ̀ á wá gbéra sókè. Ẹ̀wà tiwa kò yọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló gbọ́dọ̀ fi afẹ́fẹ́ sí i. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi ń fi ọmọrí odó tàbí ọwọ́ pò ó títí apá á fi máa ro wọ́n.

Lẹ́ẹ̀kejì, Màmá fúnra wọn gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní kí n lọ ẹ̀wà lọ́tọ̀ kó kúnná, kí jéró ní hóró díẹ̀ nínú bíi gààrí Ìjẹ̀bú. Mo po ẹ̀wà náà títí ó fi funfun tó sì fúyẹ́. Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń dán an wò? Wọ́n kán ẹyọ kan sínú ife omi. Ó rì. Wọ́n ní, "Ó kù." Mo tún pò ó. Wọ́n tún kán an, ó léfòó. Mo ti rí i kà pé bákan náà gẹ́lẹ́ ni àwọn ìyá Tamil ní Íńdíà ń dán tiwọn wò. Ta ló kọ́ ta? Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹnì kan. Ẹni tó bá ti po ẹ̀wà fún ẹgbẹ̀rún ọdún yóò mọ̀ pé èyí tó ní afẹ́fẹ́ nínú ló ń léfòó. Lẹ́yìn náà ni mo po méjèèjì pọ̀, mo fi iyọ̀ sí i, mo sì fi orúnlá ṣíún, kò ju góńgó ṣíbí lọ. Èyí ti orí mi ni o, kò sí nínú ìwé kankan. Mo ní bí yíyọ̀ ni wọ́n ń wá, a kúkú ní ohun tó ń yọ̀ nílé.

Mo bò ó sínú ìkòkò ńlá. Ní ooru wa níbí, wákàtí mẹ́jọ ti tó. Ìwọ tó wà nínú òtútù, ó lè gbà ọ́ ní wákàtí méjìlá sí mẹ́rìndínlógún, kí o gbé e sínú ààrò tí o kò tan, kí o ṣá tan gílóòbù inú rẹ̀ nìkan. Nígbà tí mo ṣí i ní kùtùkùtù, àfi bí ẹni pé ó ń mí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọmọrí. Ihò wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀, òórùn rẹ̀ kan díẹ̀, òórùn omidùn àárọ̀ tí ògì ṣẹ̀ṣẹ̀ tòrò. Mi ò rò ó mọ́, má rò ó bó bá ti wú, afẹ́fẹ́ á sá. Mo rọra bù ú sínú àwo rẹ tí mo ti fi òróró pa lára, mo gbé e sórí omi tó ń hó. Ìṣẹ́jú méjìlá. Àbẹ̀kẹ́, ó jáde bí ìrọ̀rí! Kò funfun bíi ti Mísìs, eérú-eérú ni, àwọ̀ jéró. Mo tẹ̀ ẹ́, ó padà sípò.

Màmá kò jẹ ti inú àwo. Wọ́n ti bu tiwọn sínú ewé eéran, wọ́n ní irin kì í mú oúnjẹ dùn. Kò bà mí nínú jẹ́ rárá, nítorí mo ti kà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí lọ́dọ̀ àwọn ará Íńdíà lọ́hùn-ún. Ní ẹ̀bá òkun Mangalore, ewé igi kan tó jẹ́ ìbátan gbẹ̀rẹ̀fúùtù ni wọ́n ń hun bí ife, inú rẹ̀ ni wọ́n ń da ìdlì sí. Ní Kanchipuram, ewé mìíràn ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí wọ́n ń gbé síwájú òrìṣà nínú tẹ́ńpìlì Varadaraja Perumal, wọ́n á fi atalẹ̀ àti ata tó jọ iyẹ̀rẹ̀ sí i. Ṣé kò sí ẹni tí wọ́n ń bọ pẹ̀lú èkuru nílẹ̀ yìí náà? Ohun funfun, ohun tí a sè pẹ̀lú ìsinmi ọkàn. Mo ń ronú nípa rẹ̀ ṣáá.

Ọbẹ̀ tí a fi jẹ ẹ́ ńkọ́? Ti Mísìs, àgbọn lílọ̀ ni, pẹ̀lú ata tútù. Mo ṣe ìyẹn, ó dùn, àgbọn kò wọ́n wa níbí. Ṣùgbọ́n Màmá ní kí n gbé ata díndín tó kù láti àná wá, tó ní edé gbígbẹ nínú. Mo fi ọwọ́ ara mi ya ìdlì kan, mo fi ra ata náà. Mi ò lè parọ́: ata díndín ló borí. Màmá jẹ mẹ́ta, wọ́n mu omi, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní, "Ẹ máa pè é ní Íńdíà. Èkuru tó ní sùúrù ni."

Kí n wá padà sọ́rọ̀ málàmù mi. Ọmọ àbúrò mi tó kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo sọ fún un pé oúnjẹ ilẹ̀ àjèjì ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ ni ín, ẹ̀gbọ́n Màmá." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í là mí lóye. Ilẹ̀ Sàhẹ́lì ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ jéró di ohun ọ̀gbìn, ó ti lé ní 4,000 ọdún. Ní àfonífojì Tilemsi lórílẹ̀-èdè Mali, àwọn tó ń walẹ̀ wo ohun àtijọ́ rí àpá hóró àti èèpo rẹ̀ lára àfọ́kù ìkòkò tí àwọn ará ìgbà náà mọ. Kò tó 1,000 ọdún lẹ́yìn rẹ̀ tí jéró fi dé Íńdíà. Ọkà bàbà, apá Sudan ló ti jáde. Èyí tí wọ́n ń pè ní ragi, tó pupa bí ilẹ̀, tí àwọn kan fi ń ṣe ìdlì ní Bangalore báyìí, òkè Etiópíà àti Uganda ni orírun rẹ̀. Ẹ̀wà tí mo bó ńkọ́? Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí ni, òun náà sì rìnrìn àjò lọ sí Íńdíà láyé àtijọ́. Ó ní IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn n'Íbàdàn, kó oríṣi irúgbìn ẹ̀wà yìí jọ tó ju 15,000 lọ. Mo ní ẹ̀wà kan náà? Ó ní ẹ̀wà kan náà.

N kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Mísìs gun ọkọ̀ òfuurufú wá sí ilé-ìwé wa, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ wá nínú abọ́ onídèérí, àwa sì ń wò ó bí ohun àrà. Bí ó bá jẹ́ jéró ló fi ṣe é ni, ìbá jẹ́ pé ọmọ wa ló mú wálé fún wa, tí a kò dá a mọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ lọ́hùn-ún pé ìdlì tí kò ní ìrẹsì kì í ṣe ìdlì gidi, sọ fún un pé irọ́ ni. Ìwé èdè Kannada kan tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 920, Vaddaradhane, ti dárúkọ rẹ̀, bí àwọn ìwé àtijọ́ ibẹ̀ sì ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ẹ̀wà dúdú nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ìrẹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí ìrẹsì sì wọ́n, ilé oúnjẹ MTR ní Bangalore fi sẹ̀mó dípò rẹ̀, títí dòní ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ohun tó bá wà nílé ni èèyàn fi ń ṣe oúnjẹ. Tiwa wà nílé.

Ìgbà tí inú bí mi díẹ̀ ni ìgbà tí ọmọkùnrin náà sọ pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi odidi ọdún 2023 sọrí jéró àti àwọn ọkà tó bá a tan, pé Íńdíà ló dá a lábàá. Ìwọ gbọ́? Èmi ò gbọ́ níbí o. Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó ń gbìn ín jù láyé. Jéró ń hù lórí ilẹ̀ tí àgbàdo ti kú, oòrùn kì í dẹ́rù bà á, òjò kékeré ti tó o. Àwa ní gúúsù wá fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń mu kúnú àti ẹyẹ. Kò dára, Àbẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an ni.

Kí n sọ ti ìlú fún ọ. Òjò ti ń múra, òṣíbàtà àti ewéko orí omi tún ti dí etí ọ̀sà, àwọn apẹja ń fi àjẹ̀ là á kọjá. Ọmọ kejì ilé ìsàlẹ̀ ṣègbéyàwó, aṣọ ẹbí aláwọ̀ ẹ̀lú, mo ti tọ́jú ìwọ̀n tìrẹ pamọ́. Màmá gbẹ́nu lé ìtàn ọjà Ejìnrìn lánàá nígbà tí wọ́n rí ìkòkò lórí iná. Ìyá wọn ló sọ fún wọn bí etí omi ṣe ń kún láyé ọjọ́un: iyọ̀, aṣọ àti ọtí láti Èkó, epo, ẹ̀kùrọ́ àti oúnjẹ láti òkè Ìjẹ̀bú, àwọn ọkọ̀ ojú omi á tò bí eyín. Wọ́n ní àwọn obìnrin tó ń ta èkuru àti ẹ̀kọ fún àwọn awakọ̀ kì í sùn tí ọjà bá ku ọ̀la. Lẹ́yìn náà ni rélùwéè gba òkè lọ, ó dé Ìbàdàn ní 1901, títì mọ́tò tẹ̀ lé e, ọjà sì ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Mo dúró sí etí omi yẹn lówùúrọ̀ òní. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ní ọkà kékeré kan náà ti la irú etí omi báyìí kọjá rí, láti ọwọ́ oníṣòwò kan sí òmíràn, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá Mísìs.

Ohun kan kù tí mo gbàgbé. Ewéko tí wọ́n ń pè ní ejìnrìn, tí orúkọ rẹ̀ súnmọ́ ti ìlú wa, èyí tí Màmá fi ń wẹ̀ wá nígbà tí ara wa bá ń yún wa, wò ó dáadáa bí o bá dé ìsọ̀ àwọn ará Íńdíà ní Green Street. Èso rẹ̀ tó rí ṣákálá-ṣàkàlà ni wọ́n tò síta yẹn. Wọ́n ń dín in jẹ ni! Má ṣe jẹ́ kí Màmá gbọ́.

Kí ọkọ rẹ fún mi, kí àwọn ọmọ. Màmá ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ti jẹ èkuru rẹ, àti pé kí o má pẹ́ wálé mọ́. Bí o bá ń bọ̀ ní Oṣù Kejìlá, bá mi ra kílò méjì nínú ẹ̀wà dúdú kékeré yẹn, èyí tí wọ́n ti bó. Mo fẹ́ fi ṣe ọ̀kan, kí n fi orúnlá ṣe èkejì, kí ìwọ fi ẹnu ara rẹ dájọ́. Jéró ni kí o má rà. Jéró wà níbí.

Èmi ni,
Àjíkẹ́ rẹ.